Apá kejì dà?

Sátidé kan lẹ́yìn tí òjò dá, màmá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo kí wọn wọn ò dáhùn, wọ́n kàn ju flash wọn sórí tábìlì, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o gbowó mi gbé." Mo ní mọ́mì ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀? Wọ́n ní fíìmù kan wà nínú èyí tí mo kó fún wọn, kò parí. "Wọ́n kàn fi ọkùnrin yẹn sínú mọ́tò ọlọ́pàá, ó tán. Apá kejì dà?"

Ẹni tí ò bá mọ̀ mí, iṣẹ́ mi nìyẹn, lápá Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí. Mò ń kó fíìmù àti orin sí flash àti mẹ́mòrì fáwọn èèyàn, mò ń ta cháàjà, fóònù tí ò bá tàn mo lè bá ẹ wò ó. Fíìmù Yorùbá ni wọ́n ń bèèrè jù, àwọn ọmọ yunifásítì ń fẹ́ tàwọn ará Korea. Àmọ́ mo ní fódà kan lórí kọ̀ǹpútà mi tó jẹ́ tèmi nìkan, tí mo máa ń wò lálẹ́ tí ẹsẹ̀ oníbàárà bá ti dá, fíìmù dúdú-funfun àtijọ́ ló kún inú ẹ̀, òmíràn nínú wọn ò ní ẹni tó ni ín mọ́, ẹnikẹ́ni ló lè dáùnlóòdù ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe ń kó ti màmá yẹn, ọwọ́ mi ṣì, fáìlì kan látinú fódà mi bá tiwọn lọ. Detour lorúkọ ẹ̀. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣe é, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ṣe é, ìṣẹ́jú 68 péré ni, Edgar Ulmer ló darí ẹ̀.

Mo ní mọ́mì, ó ti parí síbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kí ló parí? "Ọmọkùnrin yẹn ò mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹnì kankan. Èyí àkọ́kọ́, fúnra ẹ̀ ló kú. Ọmọbìnrin tó torí ẹ̀ kúrò nílé, kò fojú kàn án mọ́. Kò sí pásítọ̀, kò sí àfáà, kò sẹ́ni tó bá a bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣé báyìí ni wọ́n ń ṣe fíìmù?" Ọmọ wọn tó wà ní pólì ló jókòó tì wọ́n tó ń túmọ̀ òyìnbó fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, alẹ́ odidi kan, torí pé wọ́n rò pé ó máa tó dáa, ó máa tó dáa.

Mo bẹ̀ wọ́n, mo fi fíìmù Yorùbá méjì ṣe èènì. Wọ́n gba flash wọn, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà. "Ṣé wọ́n máa wá pa á ni?" Mo ní mi ò mọ̀, mọ́mì. Wọ́n pòṣé, wọ́n lọ.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí. Fíìmù tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìyẹn á tó ogún, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ọ̀kan nínú ẹ̀ rí, àyàfi ọmọkùnrin yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n wá ra cháàjà, bí mo ṣe ń wá ṣéńjì, wọ́n ṣàdédé ní, "Ká ní ó ti lọ sọ fọ́lọ́pàá lọ́jọ́ tí èyí àkọ́kọ́ kú ńkọ́?" Mo dúró pẹ̀lú ṣéńjì lọ́wọ́. Èmi náà ti ro ìyẹn tì.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ẹ̀ fẹ́ni tí ò tíì wò ó. Al Roberts ń tẹ dùùrù nílé fàájì kan ní New York, ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ti lọ wáṣẹ́ sí Los Angeles, òun náà fẹ́ tẹ̀lé e, kò lówó ọkọ̀, ló bá ń dúró létí títì ó ń nawọ́ sí mọ́tò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Haskell gbé e. Ó di òru, Al ló ń wa mọ́tò, Haskell sùn, òjò wá dé, Al fẹ́ jí i kí wọ́n jọ gbé òrùlé mọ́tò sókè, kò jí. Ó ṣílẹ̀kùn, ọkùnrin re bọ́ sílẹ̀, ó forí gbá òkúta. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ta ló máa gba òun gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́ o, kì í ṣe ibòmíràn. Ó wọ́ òkú pamọ́, ó wọ aṣọ òkú, ó kó owó òkú sápò, ó wa mọ́tò òkú lọ. Nígbà tó yá ó rí obìnrin kan létí títì, Vera, àánú ṣe é torí òun náà ti dúró bẹ́ẹ̀ rí, ó gbé e. Nínú gbogbo èèyàn tó wà lórí títì Amẹ́ríkà, ẹni tó ti wọ mọ́tò Haskell tẹ́lẹ̀ ló lọ gbé! Obìnrin yẹn sùn díẹ̀, ó jí, ó wò ó, ó béèrè ibi tó gbé òkú ẹni tó ni mọ́tò sí.

Bí Vera náà ṣe wá kú ni mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ti jọ háyà ilé kan, ó mutí yó, ó gbé tẹlifóònù wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, ó ní òun máa pe ọlọ́pàá. Wáyà tẹlifóònù gba abẹ́ ìlẹ̀kùn jáde. Al di wáyà yẹn mú láti ìta ó ń fà á, ó ń fà á kó lè já, kò mọ̀ pé ó ti lọ́ mọ́ obìnrin yẹn lọ́rùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀ kì í ṣe ti òkú. Agbára tó ń lò yẹn ni, bó ṣe tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, bíi ẹni tó ń fa omi nínú kànga, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ń ṣe ò sí lójú ẹ̀, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló wà.

(Èyí tí ì bá sàn kí n má mọ̀ ni ti Tom Neal fúnra ẹ̀, ẹni tó ṣe Al. Ní 1965 ìbọn pa ìyàwó ẹ̀ nínú ilé wọn, ilé ẹjọ́ ní òun ló pa á àmọ́ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó lo bí ọdún mẹ́fà lẹ́wọ̀n, kò pé ọdún kan tó jáde tó fi kú. Mi ò lè wo fíìmù yẹn bí mo ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀ mọ́.)

Orúkọ tí wọ́n ń pe irú fíìmù yìí ni film noir, èdè Faransé ni, noir ni dúdú. Ní 1946 ni Nino Frank tó ń kọ̀wé nípa sinimá ní Paris pè wọ́n bẹ́ẹ̀, torí pé gbogbo àsìkò tí Jámánì fi ń jọba lórí ilẹ̀ Faransé fíìmù Amẹ́ríkà ò wọlé, ogun parí tán ni gbogbo ẹ̀ wá dà dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rí i pé háà, ojú àwọn èèyàn yìí ti yí padà. Àwọn tó ń ṣe é ní Hollywood ò mọ̀ pé noir làwọn ń ṣe, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ ẹ wo ibi tí mélòó kan nínú wọn ti wá. Fritz Lang, Billy Wilder, Robert Siodmak, Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe sinimá kí Hitler tó gorí àlééfà ní 1933, wọ́n sá. Ìyá Wilder ò rí ibi sá sí, àwọn Násì pa á. Tẹ́ ẹ bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ìtàn tí gbogbo nǹkan máa dáa níparí fún yín, ẹ máa dúró pẹ́ díẹ̀ (ó ṣe àwọn apanilẹ́rìn-ín náà ṣá o, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn kọ́ là ń sọ).

Ohun tí mi ò tètè mọ̀ ni pé ọlọ́pàá tó wá gbé Al yẹn, òfin ló rán an wá. Láti 1934 ọ́fíìsì kan wà ní Hollywood tí Joseph Breen ń darí, wọ́n á ka ìtàn yín kẹ́ ẹ tó yà á, ọ̀daràn ò gbọdọ̀ lọ láìjìyà, tí wọn ò bá fọwọ́ sí i ó nira kẹ́ ẹ tó rí sinimá tó máa gbà á. Ìyẹn ni pé ìwà rere ni wọ́n ń wá o! Wọ́n fẹ́ káwọn èèyàn lọ sílé kí wọ́n mọ̀ pé ibi ò pé. Àwọn tó ń ṣe fíìmù bá ní ó dáa, ẹ ní kó jìyà, ó máa jìyà, wọ́n bá jẹ ẹ́ níyà débi pé ẹni tó ń wò ó ò ní lè sùn.

Ó jọ tiwa, kò sì jọ tiwa. Àwa náà ní àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, láti 1993 ni òfin ẹ̀ ti wà, àmọ́ ká tiẹ̀ ní kò sí, àwa fúnra wa ò ní gbà. Ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Ìyàwó kejì tó fi májèlé sọ́bẹ̀ máa ya wèrè, ó máa rìn dé àárín ọjà, ó máa ka gbogbo ohun tó ṣe lẹ́sẹẹsẹ láìfo ọ̀kan, bíi tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì, ó máa ṣubú, àwọn tó kù á gbàdúrà, wọ́n á wá kọ To God be the glory gàdàgbà gadagba sójú tẹlifíṣọ̀n. Mi ò bú wọn o, òun ni mò ń tà jẹun. Ẹni tó ti fojú winá lọ́jà látàárọ̀, tó dé ilé, ó ní ẹ̀tọ́ láti rí i pé Ọlọ́run ń wo gbogbo ẹ̀. Àmọ́ nínú tiwa, ẹ̀san máa ń ti ìta wá ni, àrá ló sán, wèrè ló dé, pásítọ̀ ló ríran. Nínú tiwọn ẹsẹ̀ ẹni fúnra ẹ̀ ló ń gbé e lọ, díẹ̀ díẹ̀, nǹkan tí ẹni tó wà nílé ń wò ó náà lè ṣe ni, irọ́ kékeré kan, mọ́tò kan tí kò tọ́ kéèyàn wà. Ọlọ́pàá dé lóòótọ́, ìwé òfin ti pé, ọkàn ẹnì kankan ò balẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, pé a kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a délé ayé tán ojú ń kán gbogbo wa. Ẹ lọ wo ojú Al létí títì níparí Detour, ojú tó ń kán nìyẹn.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ikú ló ń jẹ́ kí ìparí dúdú lágbára. Ikú pọ̀ nínú fíìmù, ọmọ ọdún márùn-ún ń wò ó. Nǹkan kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikú yẹn ni. Ẹ mú Double Indemnity, ti Wilder, 1944. Walter Neff, ẹni tó ń ta inṣọ́ránsì, òun àti ìyàwó oníbàárà ẹ̀ pa ọkọ ìyàwó yẹn nítorí owó, wọ́n ṣe é bíi pé ó já bọ́ látinú rélùwéè, torí pé ìlọ́po méjì ni wọ́n máa ń san tó bá jẹ́ rélùwéè. Àtìbẹ̀rẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ pé kò jèrè ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì lóru, ọta ìbọn wà lára ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ọ̀gá kan wà ní ọ́fíìsì yẹn tó ń jẹ́ Keyes, iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti máa já irọ́ àwọn tó ń purọ́ gbowó inṣọ́ránsì, wọ́n jọ fẹ́ràn ara wọn gan-an. Keyes kì í ní ìṣáná lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tó bá fi sìgá ńlá ẹ̀ sẹ́nu tó ń yẹ àpò wò, Neff ló máa fi èékánná àtàǹpàkò ṣá ìṣáná fún un, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ má tiẹ̀ fiyè sí i mọ́. Ó wá di ìparí, Neff fẹ́ sá, kò lè rìn dé ibi ẹ̀rọ tó ń gbéni sọ̀ kalẹ̀, ó ṣubú sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó mú sìgá jáde, ọwọ́ ẹ̀ ò lè ṣá ìṣáná. Keyes bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣá a fún un.

Ó tán. Wilder ti ya ìparí mìíràn lẹ́yìn ìyẹn tẹ́lẹ̀ o, yàrá tí wọ́n ti ń fi gáàsì pa ọ̀daràn, Keyes dúró ń wò ó, wọ́n kọ́lé, wọ́n náwó, wọ́n ya gbogbo ẹ̀, ó wo ìṣáná yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gé yàrá gáàsì sọ nù. Mo ṣí fìlà fún un níbẹ̀.

Ti The Killing, 1956, Stanley Kubrick, ìyẹn tiẹ̀ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín kí inú mi tó bàjẹ́. Wọ́n ja ibi eré ẹṣin lólè, mílíọ̀nù méjì dọ́là, ìmọ̀ràn tó mọ́ tónítóní, wọ́n ti ka gbogbo ìṣẹ́jú. Ọ̀gá wọn, Johnny, kó owó sínú àpótí ńlá kan tó sáré rà ní tòkunbọ̀, ibi tí wọ́n ti ń tì í ò dáa. Ní pápákọ̀ òfúrufú wọ́n ní àpótí ti tóbi jù, kò lè gbé e wọlé, wọ́n fi sórí ọkọ̀ ẹrù. Ajá kékeré kan, ajá ìyá arúgbó kan, sáré kọjá níwájú ọkọ̀ ẹrù yẹn. Dẹ́rẹ́bà yà fún un, àpótí ṣubú, ó ṣí, atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì kó gbogbo owó sókè. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ní kó sáré, kó sáré, Johnny ní kí ló tún kù. Ẹni tó bá ti gbé báàgì tòkunbọ̀ tí sípù ẹ̀ já lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán rí, á mọ nǹkan tí mò ń wí.

Òmíràn tó wà lọ́kàn mi ni Out of the Past, 1947, Jacques Tourneur, Robert Mitchum ló wà nínú ẹ̀. Mi ò ní sọ gbogbo ìtàn ẹ̀, ó lọ́ jù, èmi tí mo ti wò ó nígbà mẹ́rin ṣì ń béèrè pé ta ló tún pa tibí. Jeff ní ilé epo ní ìlú kékeré kan, ọmọbìnrin dáadáa kan ń fẹ́ ẹ, Ann, àmọ́ obìnrin àtijọ́ kan, Kathie, padà wá gbé e. Jeff fúnra ẹ̀ ló pe ọlọ́pàá kí wọ́n tó gbéra, ó mọ̀ pé ibi tí mọ́tò yẹn ń lọ òun ò ní dé ibẹ̀. Àwọn méjèèjì kú. Ann wá lọ bá ọmọkùnrin tó ń bá Jeff ṣiṣẹ́, ọmọ tí kì í gbọ́ràn tí kì í sọ̀rọ̀, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀, ṣé Jeff àti Kathie ló jọ ń lọ lóòótọ́? Ọmọ yẹn wò ó. Ó mi orí, pé bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni! Àmọ́ Ann lè lọ fẹ́ ẹlòmíràn báyìí, ó lè gbàgbé. Ó lọ tán, ọmọ náà gbójú sókè wo orúkọ Jeff lára ilé epo, ó kí i.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wo ibẹ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni eré Ọba Kò So. Ìlú wa yìí náà ni Dúró Ládipọ̀ ti dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962, ọdún kejì ẹ̀ ni Ọba Kò So jáde, ó gbé e kọjá òkun lẹ́yìn náà. Ṣàngó tí iná ń jáde lẹ́nu ẹ̀, gbogbo ẹ̀ dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ku òun nìkan, ó lọ sídìí igi àyàn. Ó so. Ẹni tó jókòó nínú ilé eré rí i pé ó so. Kí làwọn èèyàn ẹ̀ wí? Wọ́n ní ọba ò so. Mo máa ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rù ló bà wọ́n, pé kí àrá má bàa sán pa wọ́n. Ọmọ ilé epo yẹn ló jẹ́ kí n rò ó lọ́nà mìíràn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n wá sọ èyí tó jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo eléyìí, ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í wọ íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà.

Mọ́mì mi wà ní Ìlọrin, wọ́n lọ bá àbúrò mi wẹ ọmọ, nítorí ẹ̀ ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mò ń sùn kí wọ́n má bàa dá nìkan wà. Kaṣíà ni bàbá mi, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ṣe é ní ọ́fíìsì kan, ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìntì wọ́n fún wọn ní aago ògiri tó ní orúkọ ọ́fíìsì lójú, ó ṣì wà ní pálọ̀, bátìrì ẹ̀ ti kú tipẹ́, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni nílé wa nígbà gbogbo. Alẹ́ ọjọ́ kan iná lọ, kọ̀ǹpútà mi ṣì ní bátìrì, bàbá ní ṣé kò sí nǹkan téèyàn lè wò lórí ẹ̀. Mo bá tan Scarlet Street fún wọn, ti Fritz Lang, 1945, torí pé kaṣíà ni ọkùnrin inú ẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa gbádùn ìyẹn.

Wọ́n gbádùn ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ibi àsè tí wọ́n ti ń fún Chris Cross ní aago góòlù nítorí ọdún 25 tó fi ṣiṣẹ́, bàbá wo ògiri, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Wọ́n ṣe tiẹ̀ dáa jù tèmi lọ." Chris yìí, nílé ìyàwó ń bú u, ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ló máa ń ráyè ya àwòrán, inú balùwẹ̀ ló ti ń yà á. Ó pàdé Kitty lóru, ó fẹ́ ẹ bíi wèrè, Kitty rò pé olówó ni, òun àti Johnny ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀ ń jẹ ẹ́ run. Chris bẹ̀rẹ̀ sí mú owó ọ́fíìsì. Ibi tó ti dúró síwájú séèfù tó ń wẹ̀yìn wò, bàbá mi yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Mímú kọ́ ló le. Kíkọ ọ́ sínú ìwé ló le." Wọ́n tún fi awò sójú.

Ẹ̀yìn ẹ̀ wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. Kitty fi Chris rẹ́rìn-ín, Chris gbé irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń fọ́ yìnyín, ó pa á. Johnny ni wọ́n mú. Johnny, olè ni, ọ̀lẹ ni, àmọ́ kò pa Kitty, gbogbo bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ wọn ò gbọ́, wọ́n fi iná mànàmáná pa á. Chris fẹ́ pokùn so, àwọn aládùúgbò já a sílẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ó di ẹni tó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì, ó ń lọ bá ọlọ́pàá pé òun ni, òun ló pa á, wọ́n ń lé e. Ó rìn kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta àwòrán, àwòrán Kitty tóun fúnra ẹ̀ yà ni wọ́n ń gbé jáde, orúkọ Kitty ló wà lára ẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là. Èrò kún títì, ó ku díẹ̀ kọ́dún Kérésì, lójijì èrò yẹn parẹ́, ó ku òun nìkan lórí títì, ó ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì tó ti kú tí wọ́n ń pe ara wọn ní olólùfẹ́. Ìpínlẹ̀ New York, Milwaukee, Atlanta, gbogbo wọn ló fòfin de fíìmù yẹn nígbà tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì Breen ti gbà á wọlé, wọ́n ní ọkàn ẹ̀ ti fi ìyà jẹ ẹ́ tó.

Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Òkùnkùn ṣú, mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé kejì.

"Wọn ò mú u?"

"Wọn ò mú u, Bàbá."

"Ó fẹnu ara ẹ̀ sọ fún wọn?"

"Ó sọ. Wọ́n ní orí ẹ̀ ò pé."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ì bá sàn kí wọ́n mú u."

Mo rò pé ó tán síbẹ̀, mo ń wá tọ́ọ̀ṣì láti lọ sùn. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà tí àwọn jọ wà ní káńtà. Wọ́n ní owó dín lọ́dún kan, owó tó pọ̀ nígbà yẹn, wọ́n yẹ ìwé wò, ti ọkùnrin yẹn ni kò dọ́gba, wọ́n lé e láìsan kọ́bọ̀ fún un. Wọ́n ní, "Òun kọ́." Mo ní, "Ta ni, Bàbá?" Wọn ò dáhùn. Wọ́n ní, "Ìwọ àti àkọ́bí ẹ̀ lẹ jọ wà ní kíláàsì nígbà yẹn. Wọ́n kó lọ."

Mo rántí ọmọ yẹn. Ó máa ń mú gúgúrú tó wà nínú páálí ìwé wá, ó máa ń ka horo kọ̀ọ̀kan fún mi kí n má bàa rẹ́ ẹ jẹ. Lẹ́yìn họ́lídè kò wọlé mọ́, tíṣà fàmì sí orúkọ ẹ̀, a gbàgbé ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n ń mu ògì, mo fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò gbójú sókè. "Fíìmù àná yẹn, ṣé ó ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ?" Mo ní ó wà, sà. Wọ́n ní, "Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀." Mo ní ó dáa. Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, kí n tó bọ́ bàtà, wọ́n ní, "O ti yọ ọ́?"

Mo mi orí, pé bẹ́ẹ̀ ni.